Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gbà Sábẹ́ Ojú

Ojú mi jìn. Kì í ṣe àìsàn ló fà á, kì í sì í ṣe ebi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá mi náà rí. Nígbà ọ̀dọ́ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, kò jẹ́ kó hàn. Nígbà tí mo fi máa pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fà, ó wá ku kòtò méjì lábẹ́ ojú. Aránṣọ ni mí ní Ìkirè, mi ò sì fẹ́ràn kí n máa fojú díwọ̀n nǹkan. Mo fi téèpù wọn kòtò náà níwájú díńgí. Ti apá òsì fẹ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ díẹ̀.

Nítorí ọkọ mi ni mo ṣe ń kọ èyí. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Tíṣà sì ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. Ohun tí mo ṣe sí orúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mi ò tíì rí i tún ṣe.

Fọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ní kí olúkúlùkù mú fọ́tò kékeré wá fún káàdì tuntun. Ọkùnrin tó ya tèmi gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé kí òun bá mi dí abẹ́ ojú yẹn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi dí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Kò ní dùn yín.” Kí n tó dáhùn, ó ti dí i. Èmi ni mo wà lójú ẹ̀rọ yẹn, bí mo ṣe rí lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi. Mo gba fọ́tò méjèèjì. Mo mú èyí tó jìn fún ẹgbẹ́, mo sì tọ́jú èkejì sínú agolo bọ́tìnnì. Bí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, màá yọ ọ́ wò bí obìnrin tó ń wo fọ́tò ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn. Mo gé kùkúńbà lé e. Mo fi ṣíbí sínú fírísà mọ́jú, mo sì gbé e lé e láàárọ̀. Mo ra ìpara tí ọmọbìnrin kan ń tà nítòsí ọjà, ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá mi ò ní dá ara mi mọ̀. Mo fi pọ́ńdà tó pọ́n ju àwọ̀ mi lọ kun abẹ́ ojú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń bẹ̀rù láti làágùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dí kòtò náà. Nígbà tó yá, mo rí dókítà obìnrin kan lórí fóònù, ní Ìbàdàn, tó ń fi ojú àwọn èèyàn hàn ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe nọ́ńbà wọn tí mo gé e bí wọ́n ṣe gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo tó sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ń lọ ra bọ́tìnnì àti aṣọ inú ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Mo sì kọ́kọ́ yà níbẹ̀ rà wọ́n lóòótọ́, kí irọ́ náà má bàa wálé lọ́wọ́ òfo.

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó fi ìka tẹ abẹ́ ojú mi, ó ní kí n wòkè, kí n wolẹ̀. Ó ní ọ̀nà ìtọ́jú kò ju mélòó kan lọ. Oògùn kan wà tó dà bí jẹ́lì, wọn a fi abẹ́rẹ́ fún un sínú kòtò náà, yóò gbé awọ dìde, yóò sì máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ yí i, kí wọ́n sì fún ibi tó dára nínú rẹ̀ padà sábẹ́ ojú. Ìyẹn ń gba sùúrù, èèyàn á sì máa padà wá. Wọ́n lè fa ọ̀rá láti itan wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Ó ní ìpara lè mú kí awọ jọ̀lọ̀, kò lè kún ihò. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Ẹ sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá. Kì í ṣe àìsàn.”

Mi ò wá láti Ìkirè láti gbọ́ ìyẹn. Mo ní jẹ́lì ni kó fún mi.

Ó ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún mi, kò fi ọ̀kan pamọ́. Abẹ́ ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ awọ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ojú bá ṣàdédé ṣú tàbí tó ń ro mí gan-an, kí n má dúró di ọjọ́ kejì. Ó fún mi ní ìwé kan tó kọ orúkọ mi sí, àti ohun tó fún mi, àti bí mo ṣe máa tọ́jú ara mi. Kí n má tẹ̀ ẹ́. Kí n má tẹrí ba fún ìgbà pípẹ́. Kí n máa fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e fún ọjọ́ méjì, kí n má fi ohun gbígbóná kàn án rárá. Ó bi mí bóyá ẹnì kan wà nílé tó mọ̀ pé mo wá. Mo ní ọkọ mi mọ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ó gbé díńgí fún mi. Ó pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò náà ti lọ. Mo sunkún, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má nu ojú.

Ọkọ̀ wa ti kọjá Aṣéjírè kí abẹ́ ojú òsì mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Nígbà tí mo délé, ó ti ń ṣú bọ̀ lábẹ́ awọ. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí omi tútù níbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò sí ohun tó wú tí a kì í fi omi gbígbóná jó. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, omi gbígbóná ni. Bí obìnrin bá bímọ, omi gbígbóná ni. Bí wọ́n bá bá ọmọ jà lójú ọ̀nà ilé ìwé, ìyá mi yóò ri tówẹ̀lì sínú ìkòkò, yóò fún un, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ọmọ yóò fi pariwo. Èrò mi ni pé omi tútù yóò dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró síbẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jó o, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú òsì mi dúdú bí ẹ̀dọ̀ màlúù, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e.

Ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló gbá mi ní Ìbàdàn. Ó bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ wí, ó bá awakọ̀ wí, ó sì jáde lọ ra ìpara wá fún mi kó tó lọ sílé ìwé.

Iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀, mi ò lè jókòó sílé. Mo wọ gíláàsì dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì ọ̀nà wá kí mi. Ó ní kí n yọ gíláàsì náà, pé òun ò lè máa bá òjìji sọ̀rọ̀. Mo yọ ọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tíṣà?”

“Rárá o. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni.”

“Èmi náà ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí,” ló wí. “Ó ti kú báyìí.”

Mo lè sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Àwa méjèèjì péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n mo rò ó bí yóò ṣe dún, pé èmi, ìyá ọmọ mẹ́ta, lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi lójú torí kí n lè lẹ́wà. Mo wọ gíláàsì mi padà. Èèyàn méje ló rí ojú mi lọ́sẹ̀ náà, mo sì lè ka wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mo sọ fún gbogbo wọn, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ ọkọ mi dípò ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n sọ nípa ilé bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. Òfin kan wà níbẹ̀ pé ọmọ ilé tó bá na ìyàwó rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé, níwájú ìyáálé gbogbo wọn, kò sì ní dìde títí ìyáálé yóò fi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Òfin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọkọ mi ló jí i. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ kan, ọmọ bàbá kékeré, lu ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì ń sọ pé òun ṣubú ni. Ọkọ mi dìde ní ìpàdé ẹbí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi obìnrin náà ní nǹkan mọ́, nítorí yóò bo ọkọ rẹ̀. Ó ní ojú rẹ̀ ni kí a wò. Wọ́n wò ó, àbúrò náà sì dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ilé yẹn ti ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi ju àwọn tó bí i lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti Àpòmù pé kí òun àtèmi wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kò sọ ìdí. Ọkọ mi rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni. Èmi mọ̀ pé ìròyìn ojú mi ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò sì sọ. Mo fi ìwé dókítà náà sínú báàgì mi. Mo sọ fún ara mi pé bó bá le, màá yọ ọ́.

Àwọn ìyàwó ilé ti jókòó sórí ẹní nígbà tí a dé, ìyáálé wà lórí àga. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun ló gbọ́n omi wẹ ọkọ mi nígbà tí wọ́n bí i. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n yọ gíláàsì, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé àgbọ̀n mi sókè, ó sì ní kí àwọn yòókù wá wò. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń padà lọ jókòó. Nígbà náà ni ọkọ mi tó mọ ìdí tí wọ́n fi pè é. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọkọ mi,” ni ìyáálé pè é, “ta ló ní kí a má bi obìnrin?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Kí lo ní kí a wò?”

“Ojú rẹ̀ ni.”

“A ti wò ó.”

Ó wò mí. Kò wò mí bí ẹni tí inú ń bí. Ó dà bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó sì ń retí ìdáhùn. Mo sì wo ẹní. Ẹní koríko ni, wọ́n ti fi aṣọ rán etí rẹ̀ kan, iṣẹ́ ọwọ́ tí kò dára. Ọwọ́ mi wà lórí síìpù báàgì. Ọkọ mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀ kan tó máa ń dùn ún, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò na mí rí, kò sì ṣe bí ẹni fẹ́ nà mí rí.

Mi ò yọ ìwé náà. Ohun tí ojú ń tì mí jù lọ títí dòní nìyí, ó ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Mo ní ohun tó lè dá a láre lọ́wọ́, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọjọ́sí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ilẹ̀ yẹn ṣì tutù, àbí?”

Ìgbà náà ni ẹnu mi là. Mo ní kò lù mí.

“A ò bi ọ́,” ni ìyáálé wí.

Mo tún un sọ. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé gbogbo àwọn ni àwọn ti sọ ọ́ rí. Mo rí i pé ẹnu mi kò já mọ́ nǹkan kan nínú ilé náà, ọkọ mi ló sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, nítorí kó lè gba àwọn obìnrin sílẹ̀. Mo yọ ìwé náà. Ìyàwó tó kéré jù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, gbà á, ó kà á sínú, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sókè: orúkọ mi, ọjọ́ tí mo lọ, abẹ́rẹ́ sábẹ́ ojú méjèèjì, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì kí n lo omi tútù.

Ìyáálé bi mí pé àìsàn wo ni abẹ́rẹ́ náà wà fún.

“Kì í ṣe àìsàn, Ìyá. Ojú mi ló jìn.”

“Ojú rẹ jìn.” Ó yí ojú tirẹ̀ sí mi, ojú tó ti wọlé lọ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì. “Tèmi ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lórí ẹní fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ìyàwó kékeré náà bóyá wọ́n máa ń ṣe ti ọrùn pẹ̀lú. Ẹnì kan fi ìgúnpá gún un.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀. Ìyáálé ti gbàgbé láti fọwọ́ kàn án. Fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ fún ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, ó ká a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ìyáálé pàṣẹ pé kí n kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti jáde lọ sí ojú títì láti dá ọkọ̀ dúró.

A padà sí Ìkirè. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó ní kí n jókòó.

“Nígbà tí o ò sọ̀rọ̀,” ló wí, “mo rò pé ohun mìíràn wà tí mo ti ṣe sí ọ, tó le ju kí n nà ọ́ lọ, tí o ò lè sọ, tí o wá ní kí n fi èyí san án. Lórí ilẹ̀ yẹn, mo ń wá a. Mo ń wò ó láti ọdún dé ọdún. Mi ò rí i.”

Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ó dìde, ó lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn méje náà. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú ìwé dání, mo sọ ibi tí mo lọ àti ohun tí mo lọ ṣe. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan gbà mí gbọ́, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí mo lọ, mo gbọ́ ọ. Oníbúrẹ́dì gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní ọgbọ́n ni mo lò, pé òun ò ní ìwé kankan láti fi hàn nígbà tòun. Mo búra fún un. Ó ní kí n má búra, pé òun ti gbọ́, ó sì fún mi ní búrẹ́dì kékeré kan, kò gba owó. Títí di òní, bí ọkọ mi bá kọjá, kì í kí i.

Ẹ̀jẹ̀ náà tán lójú mi lọ́jọ́ kẹtàlá. Iṣẹ́ dókítà náà dára, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn: ojú mi kún, ó dọ́gba, téèpù kò rí kòtò wọ̀n mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nílé. Ó ti ń yọ́ lọ báyìí bó ṣe sọ, apá òsì ló kọ́kọ́ ń lọ. Láti ọ̀dọ̀ dókítà náà ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ó tó àkókò kí n padà wá. Mo pa á rẹ́.

Ọkọ mi kò tíì padà sí ìpàdé ẹbí ní Àpòmù láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ́tí sí i, ó fún un ní ohun mímu, ó sì sìn ín dé ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá ní ẹjọ́ ìyàwó ilé láti dá, àbúrò rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ rí ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí. Èmi ni mo ń lọ ní Sọ́ńdè tó bá kẹ́yìn oṣù, kí wọ́n má bàa sọ pé a ti pa ilé tì. Mo máa ń jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyáálé kò pẹ́ kó tó béèrè ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń gbọ́, ó sì ń fi orí dáhùn bí mo ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ilé ìwé ló dí i lọ́wọ́, pé ó ní kí n kí wọn, pé ó kí Ìyá jù lọ.

Kò rán mi.